Ilé Tí Wọ́n Ní Kò Sẹ́ni Níbẹ̀

Òórùn ni London fi kí mi káàbọ̀. Wọ́n ti sọ̀rọ̀ òtútù fún mi láti ilé, mo sì ti ra kóòtù sílẹ̀ dè é. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi nípa òórùn ilé tí wọn kì í ṣí fèrèsé rẹ̀: aṣọ tí kò gbẹ, òróró tí wọ́n ti fi dín nǹkan títí tó ti dúdú, ògiri tó hu èébù bí ara ẹni tó ní làpálàpá. Yàrá tí mo kọ́kọ́ gbà wà lórí ṣọ́ọ̀bù adìyẹ díndín kan nítòsí Dagenham Heathway. Onílé ti fi páákó gé yàrá kan sí méjì kó lè gba àyálégbé méjì. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má bàa sọ pé òun ò ní fèrèsé, ó gbé páákó náà gba àárín fèrèsé kọjá. Ìdajì jẹ́ tèmi, ìdajì jẹ́ ti ọmọkùnrin ará Romania kan tí ikọ́ kì í jẹ́ kó gbádùn. Ọ̀dọ̀ tirẹ̀ ni ọwọ́ tí a fi ń ṣí i wà. Tí mo bá fẹ́ atẹ́gùn, màá kan páákó.

Nígbà tí màámi pè láti Abẹ́òkúta, wọ́n bi mí pé irú yàrá wo ni mo ń gbé. Mo ní, "Ó dáa, Màámi. Ó ní fèrèsé ńlá." Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ni mo kọ́ ní pólì, òun náà ni mo sì ń ṣe ní Òkè-Ìlewó kí n tó kúrò nílé. Ní Dagenham, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ríṣẹ́. Ìlédìí àgbàlagbà ni mo ń pààrọ̀. Mo fẹ́ kó yé ẹni tó bá ń ka èyí pé kì í ṣe iṣẹ́ náà ló rí mi lára. Ohun tó rí mi lára ni pé, bí àwọn ẹbí bá ń bọ̀ wá wo èèyàn wọn, ọ̀gá wa á ní ká lọ fín nǹkan olóòórùn dídùn sí ẹnu ọ̀nà àti pálọ̀, ká sì pa ilẹ̀kùn àwọn tó wà ní ẹ̀yìn dé. Àlejò á wọlé, wọ́n á fa imú, wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i bí ibí ṣe mọ́ tó!" Bàbá kan wà ní ẹ̀yìn yẹn tó máa ń na ọwọ́ sí mi ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé.

Tí n kò bá níṣẹ́, kò sí ibi tí mo fẹ́ lọ, kò sì sẹ́ni tó ń retí mi. Mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Eastbury, màá lọ jókòó sórí koríko níwájú ilé ńlá àtijọ́ tó wà níbẹ̀, màá máa wo bíríkì pupa rẹ̀ àti òpó èéfín tó yọ gogoro lórí òrùlé rẹ̀. Ilé ẹbí wa ní Ìtòkò, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, ògiri rẹ̀ nípọn débi pé a máa ń jókòó sójú fèrèsé rẹ̀ nígbà tí a wà lọ́mọdé. Bàbá bàbá mi ṣì wà nínú ilé náà, nítorí abẹ́ ilẹ̀ yàrá rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Bí mo bá jókòó sí Eastbury, màá máa rò ó pé kò sí abẹ́ ilẹ̀ kankan ní gbogbo ìlú yìí tí èèyàn mi kan sùn sí. Mo ń rìn lórí ilẹ̀ onílẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ẹnu kì í tètè gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, torí náà mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Inú ilé ìkàwé ní Barking ni mo ti rí ìkéde kan lára ògiri. Àwọn ará àdúgbò kan tí wọ́n fẹ́ràn ilé àtijọ́ ti kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ́ nǹkan kún irú ilé bẹ́ẹ̀, tàbí tó fẹ́ wó apá kan rẹ̀, wọ́n á yẹ àwòrán rẹ̀ wò, wọ́n á lọ fojú ara wọn rí ilé náà, wọ́n á sì fi èrò wọn ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọwọ́ sí ilé kíkọ́. Wọ́n ń wá ẹni tó lè ka àwòrán ilé. Mo kà á, mo jáde, mo tún padà wọlé lọ kà á.

Keith ni alága wọn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Margaret ni akọ̀wé. Ó tó màámi lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ ó ní kí n máa pe òun lórúkọ. Ó pẹ́ kí ẹnu mi tó gbà á. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, Keith tẹ́ àwòrán kan sórí tábìlì, ó yíjú sí mi, ó ní, "Kí ni ìwọ rò?" Mo ní ẹni tó bá gun àtẹ̀gùn tí wọ́n yà síbẹ̀ yẹn á forí gbá òrùlé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní òótọ́ ni, wọ́n sì bu tíì fún mi. Ọ̀rọ̀ kékeré ni lójú tiwọn. Lójú tèmi, láti ọjọ́ tí mo ti dé, ẹnikẹ́ni ò tíì bi mí léèrè ohun tí mo rò. Mo sáré pe màámi. Wọ́n ní kí n gbé fóònù mọ́ etí dáadáa, wọ́n sì gbàdúrà fún mi títí kírẹ́díìtì mi fi tán.

Bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn títí wọ́n fi gbé àwòrán ilé kan wá, tí kò jìnnà sí àwókù ilé ìsìn àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Barking Abbey. Ilé bíríkì pupa ni, iwájú rẹ̀ lẹ́wà, ṣùgbọ́n apá ẹ̀yìn ló dàgbà jù: igi ńláńlá ló gbé òrùlé rẹ̀ dúró, òpó èéfín rẹ̀ sì wọ́ díẹ̀. Onílé fẹ́ dá iwájú sí bí ẹni fi agọ̀ bojú, kó wó gbogbo ẹ̀yìn, kó wá kọ́ alájà mẹ́ta dípò rẹ̀, tí wọ́n á gé sí yàrá wẹ́wẹ́. Nínú àlàyé tó fi ránṣẹ́, ó ní apá ẹ̀yìn ti ṣófo láti ọjọ́ pípẹ́, pé ẹrù àtijọ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ kan ló wà lórí ìwé náà. Mi ò mọ ẹni tó ni ín.

Òjò ń ṣẹ́ wínníwínní lọ́jọ́ tí a lọ wo ilé náà. Keith kan ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ṣí, mo sì rí Alàgbà Adégòkè tí wọ́n dúró síbẹ̀ nínú kóòtù aláwọ̀ eérú.

Mo gbọ́dọ̀ sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Ìjọ Aládùúrà wa ń pàdé nínú ilé ìkẹ́rùsí kan tí a sọ di ilé Ọlọ́run. Alàgbà wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, àwọn ló fún mi ní bùláńkẹ́ẹ̀tì, àwọn náà ló sì gbàdúrà lé mi lórí tí mo fi sunkún bí ọmọdé. Mo kúnlẹ̀ kí wọn níwájú Keith àti Margaret.

"Háà! Ọmọ wa!" Alàgbà fọwọ́ kan èjìká mi. "Ìwọ náà wà nínú kọ̀mítì yìí? Ọlọ́run mà tóbi o!"

Wọ́n mú wa yí ilé po. Margaret ń ya fọ́tò bíríkì, Keith ń fi ọwọ́ pa ògiri bí ẹni ń pa ẹran ọ̀sìn lára. Nígbà tí a dé àgbàlá ẹ̀yìn, mo gbójú sókè. Fèrèsé ńlá kan wà lókè. Ìlà kan gba àárín rẹ̀ kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kọ́tìnì búlúù wà lápá òsì, bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì olódòdó wà lápá ọ̀tún. Kò sẹ́ni tó nílò láti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó rí mi lára.

"Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé èèyàn ń gbé òkè yẹn ni?"

"Ẹrù ni, ọmọ mi." Lẹ́yìn náà wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Yorùbá ni wá o. Má ṣe jẹ́ kí àwọn wọ̀nyí bá wa wá ohun tí kò sọnù."

Kó tó parí ọ̀rọ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Obìnrin kan jáde pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lábẹ́ kóòtù, ó gbé báàgì kọ́ apá, ó ń yára. Sìstá Fúnmiláyọ̀ ni, tí à ń jọ kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá bi í níbi tó ń gbé, "Barking níbí náà ni" ló máa ń sọ, kì í sì í pe ẹnikẹ́ni wálé. Ó rí mi. Ó wo ilẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Margaret béèrè pé ta nìyẹn. Alàgbà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì dáhùn lédè òyìnbó pé ẹni tó ń bá òun gbálẹ̀ ilé ni. Ó tiẹ̀ juwọ́ sí i bí ẹni ń juwọ́ sí ọmọ ọ̀dọ̀. Sìstá Fúnmi tẹríba, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ nínú òjò.

Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, mo rí i pé mo ti ń pe Alàgbà ní "ó". Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọkàn mi kò lè fi "wọ́n" pè é mọ́.

Mo bá Sìstá Fúnmi pàdé ní kafé kan ní Heathway lẹ́yìn iṣẹ́. Kò fọwọ́ kan tíì rẹ̀.

"Má sọ̀rọ̀ o, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́. Tí wọ́n bá mọ̀ pé a wà níbẹ̀, ìta ni a ó sùn."

"Ẹ̀yin mélòó lẹ wà níbẹ̀?"

"Àwa márùn-ún. Òjò ń wọlé sórí bẹ́ẹ̀dì Bùrọ̀dá Ṣẹ́gun. Yàrá Ìyá Ìbejì, èébù ti hu dé ara bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ. Tí a bá ṣàròyé, Alàgbà á ní ká jẹ́ ká jọ gbàdúrà sí i." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dùn ún gbọ́. "Nísinsìnyí ó ti ní ká kó jáde kí wọ́n tó wó o. Ó ní tó bá kọ́ tuntun tán, ká padà wá, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò ní jẹ́ ti tẹ́lẹ̀."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ó kọ ọ́ síwèé pé ibẹ̀ ṣófo?"

Ó wò mí títí. "Ó kọ kí ni?"

"Ó ní kò sẹ́ni níbẹ̀. Ó ní ẹrù ni."

Sìstá Fúnmi ti kọ́ọ̀pù tíì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. 

Kò pẹ́ sí i ni màámi pè mí. Ohùn wọn ti yàtọ̀. Wòlíì ìjọ wa ní Abẹ́òkúta ti wá sílé wọn, ó ní bàbá pàtàkì kan ní London ránṣẹ́ pé ọmọ wọn fẹ́ bá òun ṣọ̀tá.

"Wọ́n ní o fẹ́ ba iṣẹ́ bàbá kan jẹ́. Ọmọ Yorùbá bíi tìẹ, nínú ìjọ kan náà! Ṣé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tọ́ ẹ?"

Ìríra tó gbé mi lọ́jọ́ náà pọ̀ ju ti àgbàlá lọ. Ọkùnrin náà ti na ọwọ́ kọjá òkun, ó wọ yàrá màámi lọ, ó sì fi àdúrà bo ọwọ́ náà. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Màámi, ẹ rántí yàrá tí mo kọ́kọ́ gbé? Èyí tí mo ní ó ní fèrèsé ńlá?"

"Mo rántí."

"Ìdajì fèrèsé ló jẹ́ tèmi. Wọ́n fi páákó gé e sí méjì. Mo máa ń kan páákó kí n tó rí atẹ́gùn. Bí bàbá yẹn ṣe kó àwọn ọmọ ọlọ́mọ sí nìyẹn, Màámi. Ó wá ń sọ fún àwọn òyìnbó pé ẹrù ni wọ́n."

 Mo gbọ́ ìró àgbò ẹnì kan tó ń ké lẹ́yìnkùlé Màámi. Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ lo ṣe gbé, o ò sọ fún mi?" Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Tí wòlíì yẹn bá tún wá, màá bi í bóyá ọmọ tirẹ̀ lè sùn síbẹ̀."

Mo sọ fún Sìstá Fúnmi pé mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni níwájú ẹgbẹ́ tí kò bá fẹ́. Mo tẹ̀ lé e lọ rí obìnrin agbẹjọ́rò kan tó ń gba àwọn àyálégbé nímọ̀ràn ní gbọ̀ngàn àdúgbò, ẹni yẹn sì ṣàlàyé fún un pé onílé kò kàn lè lé èèyàn síta bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́, ó dúpẹ́, ó ní òun á rò ó. Mo sọ ọjọ́ àti ibi ìpàdé wa fún un, ṣùgbọ́n mi ò fipá mú un.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ilé náà kalẹ̀. Òpó èéfín ni wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, pé kò sí irú rẹ̀ mọ́ ní gbogbo Barking. Lẹ́yìn náà ó kan àwọ̀ simẹ́ńtì àárín bíríkì, ó kan igi òrùlé. Ọ̀gbẹ́ni kan fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún nígbà tó ń sọ̀rọ̀ nípa ìdè ilẹ̀kùn kan. Mo ní sùúrù títí wọ́n fi dé ẹ̀yìn. Mo wá sọ pé àwọn èèyàn ń gbé inú apá tí wọ́n ní ó ṣófo.

 Keith yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Ó ṣeni láàánú gan-an ni," ó ní. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ tiwa. Ilé là ń yẹ̀ wò, a kì í yẹ àwọn tó wà nínú rẹ̀ wò."

Margaret gbé àwo bisikíìtì sí mi. Mo wo bisikíìtì náà, mi ò mú ìkankan. Alàgbà ò ka àwọn márùn-ún yẹn sí èèyàn, nítorí èrè. Àwọn wọ̀nyí, tí wọ́n mọ orúkọ ẹni tó ṣe ìdè ilẹ̀kùn láyé àtijọ́, àwọn náà ò kà wọ́n sí èèyàn, wọn ò tiẹ̀ ní ìdí kankan. Mi ò mọ èyí tó burú jù. Mo ní, "Tí ẹ bá kọ èrò yín láìsọ pé èèyàn wà níbẹ̀, irọ́ lẹ bá a fọwọ́ sí."

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Sìstá Fúnmi wọlé, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò jókòó.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o," ló kọ́kọ́ sọ, lédè Yorùbá, kó tó rántí ibi tó wà. Ó wá yí i sí òyìnbó. "Èmi ni ẹni tó ń gbálẹ̀. Ẹ rí mi lọ́jọ́ yẹn. Inú ilé yẹn ni mo ń sùn, lókè, lápá ibi tí kọ́tìnì búlúù wà. Èmi kì í ṣe ẹrù."

Margaret gbé àwo bisikíìtì kalẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní òun rí fèrèsé náà lóòótọ́, òun tiẹ̀ yà á ní fọ́tò, ṣùgbọ́n bíríkì ni òun ń wò. Ó yíjú sí Keith. "Kọ ọ́ síbẹ̀," ó ní. "Kọ ọ́ pé èèyàn ń gbé ibẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò ní kọ nǹkan kan fún yín mọ́." Keith kọ ọ́.

Àwọn tó ń fọwọ́ sí ilé kíkọ́ kò fọwọ́ sí i fún Alàgbà. Mo fẹ́ sọ pé inú mi dùn. Inú mi dùn díẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé wá wo ibẹ̀, wọ́n ní kò dára fún èèyàn láti gbé, wọ́n sì wá ibòmíì fún Sìstá Fúnmi àti Ìyá Ìbejì. Ọwọ́ Sìstá Fúnmi tẹ yàrá kan tí gbogbo fèrèsé rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Bùrọ̀dá Ṣẹ́gun kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ti ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú rẹ̀, ó kó ẹrù rẹ̀ kí wọ́n tó dé. Kó tó lọ, ó pè mí lórí fóònù. "Ẹ ṣé o, Sìstá," ó ní. "Ẹ ti bá wa gba òpó èéfín là." Mi ò rí i mọ́ láti ìgbà náà.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Alàgbà dúró síwájú pẹpẹ nínú sùtánà tó funfun báláú, ó gbàdúrà lòdì sí àwọn tó ń fi ará ilé lé ọ̀tá lọ́wọ́. Àwọn kan ń ṣe àmín, wọ́n ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́ ojú. Mo dìde, mo mú bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ ìṣísẹ̀ lẹ́yìn mi. Sìstá Fúnmi ni, Ìyá Ìbejì ló tẹ̀ lé e pẹ̀lú àwọn ọmọ. A jọ dúró síta nínú òtútù, aṣọ funfun ló wà lọ́rùn gbogbo wa, à ń wọ bàtà.  Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí i pé mo ní èèyàn nílùú yìí.

Alàgbà ta ilé náà. Tọkọtaya kan tó fẹ́ràn ilé àtijọ́ rà á, wọ́n tún apá ẹ̀yìn ṣe bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó sì lẹ́wà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọdún tí wọ́n máa ń ṣí irú ilé bẹ́ẹ̀ fún ará ìlú, Keith ló ń mú àwọn àlejò káàkiri. Mo pe Sìstá Fúnmi pé ká jọ lọ, ó ní òun ò lè wọ ibẹ̀ mọ́ láyé. Èmi nìkan ni mo lọ. Keith dárúkọ ẹni tó kọ́ ilé náà, ẹni tó ń pọn ọtí tó rà á lẹ́yìn rẹ̀, àti ọ̀gá àwọn apẹja tó kú síbẹ̀. Nígbà tí a dé òkè lápá ẹ̀yìn, ìyá àgbà òyìnbó kan béèrè pé ta ló gbé inú yàrá tó dára báyìí. Keith ní ìtàn kò sọ.

Mo ní, "Fúnmiláyọ̀ ló gbé ibí, ọmọ Ìkẹ́rẹ́. Ìyá Ìbejì àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì gbé yàrá kejì. Ṣẹ́gun sùn sí igun yẹn, níbi tí òjò ti ń wọlé."

Ìyá àgbà náà mi orí, àánú ṣe é. "Ó mà ṣe o. Ayé àtijọ́ mà le o," ó ní. "Ìgbà wo nìyẹn?"

Mo ní, "Ọdún tó kọjá ni."